Ẹ̀gbọ́n Tí Wọ́n Ń Ra Àgbo Fún

Kò sí ọkùnrin kan tó ń ra àgbo ọkùnrin fún ara rẹ̀ ní Ìtàmàga. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ wá jókòó sí ìsọ̀ Rọ̀kíbátù alágbo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá ra á ló máa sọ fún yín pé òun kọ́ ló fẹ́ lò ó. Ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n. "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi o." Ẹni tó ń sọ ọ́ á ti wo ọ̀tún, á ti wo òsì, á fa fìlà bo iwájú orí, á sì ká ìgò náà mọ́ inú ọ̀rá dúdú bí ẹni tó jí i.

Rọ̀kíbátù kì í bá wọn jiyàn. Á ṣàlàyé fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ife kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa kí wọ́n tó mu ún. Kí wọ́n má fi ọtí lé e o, èmi kì í ta paraga. Bí kò bá sì sí àyípadà, kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ewé kò mọ gbogbo nǹkan." Oníbàárà á ní òun máa jíṣẹ́. Bó bá ti sọdá títì báyìí, Rọ̀kíbátù á wo ojú Waliyah ọmọ rẹ̀, á ní, "Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n sàn o!" Ni àwọn méjèèjì á bá bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ yẹn ni ẹ̀rín náà ń parí sí. Bí Rọ̀kíbátù bá pàdé oníbàárà rẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í kí i àfi bí ẹni náà bá kọ́kọ́ kí i. Kì í pe orúkọ àìsàn kankan sókè. Ọ̀rá wẹ́wẹ́ ló fi ń ṣe àmì sí abẹ́ ìdérí ìgò: funfun fún jẹ̀díjẹ̀dí, pupa fún ibà, búlúù fún ti ọkùnrin. Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tí ìyá yẹn sì fi lé e lọ́wọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹnu alágbo ni ìdérí ìgò."

Waliyah ti kàwé gba ìwé ẹ̀rí. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń yá èèyàn lówó lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kí àwọn olówó ibẹ̀ tó kó ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Ó wá padà sídìí ìyá rẹ̀, ó ń fọ ìgò, ó ń sá epo igi, ó ń gé orógbó àti atalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan ni Ọláolúwa kọ́kọ́ dé ìsọ̀ yẹn. Kò dé fìlà. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Ó ti gbéyàwó, ó ti pẹ́, ọmọ ò tíì dé. Dókítà sọ fún un pé irúgbìn inú àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó, pé èyí tó wà gan-an kò lágbára."

Rọ̀kíbátù wò ó. "Níbo ni ẹ ti wá?"

"Ẹ̀pẹ́ ni ilé wa, Màmá. Ìbéṣè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe."

"Ṣé kò sí alágbo ní Ẹ̀pẹ́ ni?"

"Wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Rọ̀kíbátù fún un ní ìgò, ó ṣàlàyé, ó gbowó. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá títì ni Rọ̀kíbátù ti yíjú sí Waliyah. "Ẹni tó mọ àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé inú egungun báyìí! Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n sàn o!" Ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n. Ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn láti òdìkejì títì, ó sì na ọwọ́ sókè sí wọn. Wọ́n yára gbé ẹ̀rín náà mì, Waliyah sì na ọwọ́ padà sí i pẹ̀lú ojú ẹni ire.

Nígbà tó padà wá, ó kó ìgò òfìfo dání. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì ti sá a gbẹ. Waliyah gba ìgò náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ìsọ̀ yẹn, kò sí oníbàárà tó dá ìgò padà rí, áḿbọ̀sì ìgò tó mọ́.

"Ta ló kọ́ yín?" ni Waliyah bi í.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tún fọ̀ ọ́ ni? Mo rí i bí ọwọ́ yín ṣe bó lọ́jọ́ yẹn."

Waliyah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ó. Kí n má parọ́, inú rẹ̀ dùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí òjò bá ká a mọ́ ìsọ̀, Ọláolúwa á gba àdá, á máa bá wọn la epo igi. Ó mọ̀ ọ́n là ju Waliyah lọ, Rọ̀kíbátù sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. "Ọmọ dáadáa ni," ó máa ń sọ bó bá ti lọ. "Ó dùn mí fún un." Waliyah mọ ohun tó ń dun ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ.

Òjò dá. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, eruku bo Ìtàmàga. Lọ́jọ́ kan tí Rọ̀kíbátù lọ kírun, Ọláolúwa fa àpótí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Waliyah.

"Waliyah, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni àbí ọ̀rọ̀ tìẹ?"

"Tèmi ni lónìí. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mi ò wá ṣeré. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láti ìgbà òjò."

Waliyah ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Lálẹ́, bó bá ti dùbúlẹ̀, ó ti dáhùn rẹ̀ lọ́nà oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé gan-an, ọ̀rá búlúù abẹ́ ìdérí ìgò ló wá sí i lójú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ìyẹn dá a lójú. Ó sì fẹ́ bímọ, ìyẹn náà dá a lójú. Ó ní kó fún òun láyè kí òun rò ó. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti fi Wasáàpù ránṣẹ́ sí i pé òun gbà.

Mùlíkátù, àbúrò Rọ̀kíbátù, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ẹja yíyan ni Mùlíkátù ń tà, Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló sì ti ń kó o. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ìyá Ọláolúwa gan-an ló ti ń rajà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí i. Ó ra ṣúgà àti bísíkíìtì, ó sì wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ọkọ fún ọmọ wa. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọláolúwa ni."

Ojú Rọ̀kíbátù yí padà. "Rárá."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́."

"Torí pé onígbàgbọ́ ni? Ọkọ tèmi ńkọ́? Ṣé mọ́ṣáláṣí ló ń lọ ní Sunday ni?"

"Mùlí, mo ní mi ò fẹ́."

"Àbí torí pé Ìlàjẹ ni? Torí pé orí omi ni wọ́n ń gbé?"

Rọ̀kíbátù dákẹ́. Kí ló fẹ́ sọ? Pé oníbàárà òun ni? Pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é? Kò sọ irú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí nígbà tí ọkọ wà láyé, ṣé Mùlíkátù ló wá máa sọ ọ́ fún? Mùlíkátù sì gba ìdákẹ́ náà bíi bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e dé Ẹ̀pẹ́ pé àwọn aráalé òun kò fẹ́ Ìlàjẹ. Yéè! Àbẹ̀bí, ìyá Ọláolúwa, tún ìró rẹ̀ ró dáadáa kó tó dáhùn. "Ẹ sọ fún wọn pé àwa náà ò fẹ́ ọmọ alágbo. Kó wá máa se ewé fún ọmọ mi mu títí á fi gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀? Kò ní ṣeé ṣe." Bí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣe tì lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Rọ̀kíbátù pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Waliyah, ohun tí mo mọ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Màmá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni."

"Ẹ̀gbọ́n! Láti ìgbà tí o ti bá mi wà ní ìsọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mélòó lo ti fojú rí?"

Waliyah fa ìgò kan mọ́ra, ó ń nù ún.

"Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ò bá dé, ta ni wọ́n máa ń bi? Ìwọ ni. Ìyá ọkọ á máa wo ikùn rẹ. Aládùúgbò á máa wo ikùn rẹ. Ojoojúmọ́ ni irú àwọn obìnrin yẹn ń wá síbí, wọ́n ń ra àgbo obìnrin, wọ́n ń sunkún sórí bẹ́ǹṣì mi. Ọkọ wọn wà nílé, ó mọ ohun tó mọ̀, ó sì ń wò wọ́n. Mi ò ní fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ta irú tẹ́tẹ́ yẹn."

Waliyah wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìbéṣè lọ́jọ́ kejì. Ọláolúwa wà ní etí omi, òróró ẹ́ńjìnnì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ta ló ń mu àgbo yẹn?"

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀!"

"Àwọn wo?"

"Gbogbo ọkùnrin! Kò sí ẹni tó ra á rí tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an. Màmá rò pé tìẹ ni. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí Ìlàjẹ."

Ọláolúwa kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Waliyah kò rẹ́rìn-ín, ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa, mú un wá," ni Waliyah sọ. "Kó wá dúró níwájú Màmá mi fún ìṣẹ́jú kan péré. Ó parí."

"Mi ò lè ṣe é."

"Kí ló dé?"

"Omi ló gbé bàbá wa lọ. Mi ò tíì mọ̀wé kọ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ilé ìwé sílẹ̀, ó gba àjẹ̀, ó ń dẹ àwọ̀n kí n lè kọ́ṣẹ́. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní kí n fọwọ́ lé Bíbélì pé n kò ní sọ orúkọ òun fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbọ́wọ́ lé e."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò mọ̀."

"Ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ kú ọgbọ́n o." Waliyah pòṣé, ó sì yí padà lọ sídìí kẹ̀kẹ́.

Ó lo bí ọ̀sẹ̀ kan tí kò gbé ìpè Ọláolúwa. Ó ń fọ ìgò, ó ń rò ó. Bí òótọ́ bá ni, a jẹ́ pé ọkùnrin yìí gbà kí wọ́n máa fi ojú aláìlera wo òun nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí irọ́ bá sì ni, irọ́ náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀: ó ní bàbá tó kú sómi, ó ní àjẹ̀, ó ní Bíbélì. Ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí ibi tó máa dúró sí. Nígbà tó yá, ó rí i pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kí òun bi ara òun. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé màá fi í sílẹ̀? Ìdáhùn ìyẹn kò pẹ́ rárá.

Ó padà sí Ìbéṣè. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Mo ti rò ó. Bó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni, mo fẹ́ ẹ. Bó jẹ́ tìẹ ni, mo fẹ́ ẹ, èmi fúnra mi ni màá sì máa gbọ̀n ọ́n fún ẹ láràárọ̀. Má dá mi lóhùn o. Má sì tún búra fún mi. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni."

Ọláolúwa jókòó sórí ẹ́ńjìnnì tó ń tún ṣe. Ó fẹ́ fi ọwọ́ nu ojú, ó rántí òróró, ó wá fi èjìká nù ún.

Ó wá ku bí àwọn ìyá ṣe máa gbà. Mùlíkátù ní kí Waliyah bá òun lọ sí Ọjà Olúwo kí Àbẹ̀bí fojú rí i. "Tí wọ́n bá rí ọ, ọkàn wọn á rọ̀." Ọkàn wo! Àbẹ̀bí wà nídìí ẹja òbòkún, ó wo Waliyah láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba ìkíni rẹ̀, ó sì tún kọjú sí ẹja rẹ̀.

"Ọmọ náà rèé, Ìyá Sànyà," ni Mùlíkátù wí.

"Mo ti rí i. Ìyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá fún mi kò tíì fi nǹkan kan hàn mí. Ẹ tún fẹ́ kó èkejì lé e." Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Obìnrin tó ń yan ẹja ní ẹ̀yìn wọn kò sì gbójú sókè.

Ìbídùnní ni obìnrin náà, ìyàwó Olúsànyà, ẹ̀gbọ́n Ọláolúwa. Waliyah kúrò lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá a yí ẹja lórí iná.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí."

"Ó ti mọ́ mi lára. Ọdún méje nìyí." Ìbídùnní fẹ́ iná. "Wọ́n ní ìyá rẹ ń ta àgbo. Ṣé èyí tí mi ò tíì mu ṣì wà lọ́dọ̀ wọn? Mo ti mu kíkorò, mo ti mu èyí tó ń mú èèyàn bì. Èyí tí mo mu lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè dìde."

Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà nígbà náà. "Ọkọ mi nìyẹn," ni Ìbídùnní wí. "Bá mi gba apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, jọ̀ọ́, iná ò gbọdọ̀ kú."

Olúsànyà ga ju Ọláolúwa lọ, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Ó ti kó àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bí Waliyah ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀, ó rí ìgò kan tí wọ́n kì sábẹ́ pákó ìjókòó ọkọ̀. Ọ̀rá búlúù yọ etí lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ọwọ́ Waliyah fúnra rẹ̀ ló gé ọ̀rá yẹn.

Gbogbo ara rẹ̀ fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n wà! Ẹ̀gbọ́n wà lóòótọ́, òun ló dúró yìí! Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kígbe. Ó wá gbójú sókè, ó rí i pé ọkùnrin náà ti rí ibi tí òun ń wò. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù bí ti ọmọ kékeré.

Waliyah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó mu ún?"

Olúsànyà fi ẹsẹ̀ ti ìgò náà wọlé sí i. "Ìwọ ni ọmọ alágbo."

"Èmi ni. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. A kì í sọ ọ́."

"Ọláolúwa ló sọ fún ọ?"

"Kò pe orúkọ yín fún mi rí. Torí ìyẹn gan-an ni wọn ò fi fún un níyàwó. Màmá mi rò pé òun ló ń mu ún."

Ọkùnrin náà di etí ọkọ̀ mú. "Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní torí Ìlàjẹ ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó má sọ̀rọ̀. Kó sọ fún yín kí ẹ lè ṣe kí ni?" Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò kó o padà. "Èmi á fara dà á, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Àǹtí wà nídìí iná yẹn. Oògùn àìsàn tí kò ṣe é ló ń mu."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó sì lọ.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá fi tú gbogbo rẹ̀. Nínú mọ́tò, Mùlíkátù ń da ọ̀rọ̀ bò ó láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbọwá, Waliyah ń wo ojú ọ̀nà. Nílé, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o rí ìyá ọkọ tí o ń fẹ́ fẹ́?" Ó ní òun rí i. "Ṣé wọ́n gbà?" Ó ní wọn ò gbà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Waliyah, ó sì padà lọ sísàlẹ̀. Ó wọ yàrá, ó sunkún dáadáa, ó bọ́jú, ó sì jáde wá gé atalẹ̀.

Ọjọ́ ń lọ. Ìgbà tó ti ń rò pé kò sí ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde mọ́, àwọn méjì dé ìsọ̀ ní ọ̀sán kan. Ọkùnrin ló ṣáájú, obìnrin tẹ̀ lé e. Ọláolúwa ni ẹni kẹta, ṣùgbọ́n ó dúró sí òdìkejì títì, kò sọdá.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, Màmá."

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Ta ni mo fẹ́ mọ̀ yín sí?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Ẹ̀gbọ́n tí Ọláolúwa ń ra àgbo fún."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Rọ̀kíbátù. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo òdìkejì títì, ó tún wo ojú ọkùnrin náà. Ojú kan náà ni. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Mo rí ìgò wa lọ́dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́."

"O sì ń wò mí níran nínú ilé? O ò sọ fún mi?"

"Ẹnu alágbo ni ìdérí ìgò, Màmá."

Kí ló kù tí Rọ̀kíbátù fẹ́ sọ? Òun ló kọ́ ọ.

Ìbídùnní ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Inú mọ́tò ló ti sọ fún mi, Màmá, nígbà tí a dé Ìtóìkín. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀. Mo bọ́lẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ náà bọ́lẹ̀. A dúró lẹ́bàá títì nínú oòrùn, mi ò sọ̀rọ̀, àwọn náà ò sọ̀rọ̀. Ọdún méje. Àgbo tí mo ti mu á kún ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bú mi lójú ọjà, ó sì ń gbọ́." Ó fi etí ìró nu ojú. "Nígbà tó yá, mo ní ká wọ mọ́tò mìíràn. Ó kéré tán, ó ti sọ ọ́."

"Ẹ̀rù bà mí ni," ni Olúsànyà wí. "Dókítà ní kí n mú un wá ká jọ gba ìtọ́jú. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

Rọ̀kíbátù fà wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Mi ò ní ta ìgò kankan fún yín lónìí. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn, ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó bá sọ, ẹ wá sọ fún mi, ká mọ̀ bóyá ewé tèmi wúlò níbẹ̀ tàbí kò wúlò. Ìyàwó mi, ìwọ má mu ewé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin ọkọ rẹ̀, ẹ sọ fún ìyá yín pẹ̀lú ẹnu ara yín kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú."

Lẹ́yìn náà ló nahùn pe òdìkejì títì. "Ìwọ! Máa bọ̀!"

Ọláolúwa sọdá, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò bá mi jiyàn? Mo fi ojú aláìlera wò ọ́, o dákẹ́. Mo kọ̀ láti fún ọ lọ́mọ mi, o dákẹ́."

"Màmá, mo ti sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé ẹ gbà mí gbọ́ ni. Ṣé ẹ rántí pé ẹ ṣàdúrà fún un? Mo ti sọdá títì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ ní, 'Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n sàn o.' Mo na ọwọ́ sí yín, mo sì ní àmín. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mo máa ń gbọ́ ọ."

Olúsànyà mi orí. "Ó máa ń jíṣẹ́ àdúrà náà fún mi, Màmá. Ẹ ṣeun. Nígbà mìíràn, àdúrà yẹn nìkan ló jẹ́ kí n lè gbé àgbo náà mì."

Waliyah kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà kò lè wo tirẹ̀. Rọ̀kíbátù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó nàró. Nígbà tó nàró, ó ní kí Ọláolúwa lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé àwọn ń retí wọn, kí wọ́n wá tọrọ ọmọ.

Wọ́n wá lóòótọ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀bí wọ inú ilé, wọ́n fún un ní àga ìyá ọkọ. Ó wo àga náà, ó fa Ìbídùnní lọ́wọ́, ó ní kí òun náà jókòó síbẹ̀, àga náà fẹ̀ tó. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbídùnní jókòó, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i. Ìyẹn náà á gba àkókò. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ṣì ń lọ. Mùlíkátù jó títí gèlè rẹ̀ fi tú, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ló ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Waliyah máa kó lọ sí Ìbéṣè, ọkùnrin kan yà sí ìsọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa fìlà bo iwájú orí.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi o."

Rọ̀kíbátù mú ìgò, ó ṣàlàyé fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Kò dúró kó sọdá títì.

"Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n sàn o," ló sọ fún un lójúkojú.

Waliyah gbé orí sókè láti ibi ìgò tó ń fọ̀. "Àmín," ló wí.

Ọkùnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọwọ́ kúrò lára fìlà rẹ̀, ó sì ṣe àmín tirẹ̀.